Atukọ̀ Tí Kò Rí Òkun Rí

Wọ́n ní kí n má bínú. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ₦18,500 ra aṣọ funfun fún ọmọ ọdún mẹ́rin, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi ló fẹ́ lọ sílé ọkọ. Wọ́n ní Ayọ̀, ọmọkùnrin mi, ni yóò gbé òrùka wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kò burú, ọmọ ní bùbá àti ṣòkòtò aṣọ òkè tí a rán fún un nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, fìlà rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá. Ìyàwó mi wò mí bí ẹni pé mo ní kí ọmọ wọ àpò sìmẹ́ǹtì. "Bàbá Ìbùkún, séélọ̀ ni ìyàwó ní òun fẹ́."

Séélọ̀. Ní Ìbàdàn. Omi tó sún mọ́ ilé wa jù lọ ni gọ́tà iwájú ilé, bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ lé e lórí, ọ̀rá píọ̀wọ́tà ni yóò dá a dúró kó tó dé ìdí igi máńgòrò. Bàbá mi kò tukọ̀ rí. Bàbá bàbá mi, kòkó ló ń gbìn. Èmi fúnra mi, ìgbà kan ṣoṣo tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú, ojú ni mo dì títí a fi gúnlẹ̀. Ọmọ irú wa ni wọ́n fẹ́ wọ aṣọ atukọ̀ fún.

Mo gba Dùgbẹ̀ lọ. Ìyá tó ń ta aṣọ ọmọdé fà á yọ fún mi. Ẹ̀wù funfun, kọ́là búlúù tó fẹ̀ bí àwo ìrẹsì, tó wálẹ̀ sẹ́yìn ní igun mẹ́rin, tí ìlà funfun mẹ́ta sì yí etí rẹ̀ ká, táì dúdú kékeré kan, ṣòkòtò funfun tí bọ́tìnnì mẹ́fà tò síwájú rẹ̀, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, àti fìlà kan tí wọ́n kọ CAPTAIN gàdàgbà sí.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kápútéènì kì í wọ irú kọ́là yìí. Àwọn tó ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀ ló ni ín."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ọmọ ló máa wọ̀ ọ́ àbí ẹ̀yin?"

Mo bèèrè ìlà mẹ́ta ara kọ́là. Ó ní Mẹ́talọ́kan ni. Mo sanwó.

Òótọ́ ni mo sọ fún ìyá yẹn o, mi ò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Èmi àti aṣọ yìí ti jọ ń bá ara wa ṣọ̀tá bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rẹ́ ìyá mi kan fún un ní kátálọ́ọ̀gì láti Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó wúwo bíi bíríkì, tí gbogbo ohun tí òyìnbó ń tà wà nínú rẹ̀ láti orí ìkòkò títí dé àwọ̀tẹ́lẹ̀. Nínú ojú ìwé tọmọdé, ọmọ òyìnbó kan wọ séélọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi ìka lé e. Télọ̀ wa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé àti bùbá lọ, wo àwòrán náà títí, ó ní òun ti rí i. Kò rí i. Ó gé kọ́là náà bí ẹni ń gé aṣọ orí tábìlì. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá ti fẹ́, kọ́là á gbéra nílẹ̀, á bò mí lórí, n ó sì dúró sójú títì bí ẹyẹ tí wọ́n fi agbọ̀n dé mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, èmi ló kàn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀yọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Kérésìmesì tó kàn mí, wọ́n mú mi lọ sí ilé fótò. Òkun wà níbẹ̀, ara aṣọ ìkélé ni wọ́n kùn ún sí, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kan, igi àgbọn kan, àti ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ já lé ọkọ̀ ojú omi lórí. Onífótò ní, "Séélọ̀, rẹ́rìn-ín!" Mo bú sẹ́kún. Fótò yẹn ṣì wà lára ògiri ìyá mi dòní, gbogbo àlejò ni wọ́n ń fi hàn.

Nígbà tí mo dàgbà, tí mo mọ ibi tí wọ́n ti ń rí ìwé kà, mo wá ẹni tó dá wàhálà yìí sílẹ̀ kàn. Ìyá kan náà ni. Ìyá ọlọ́mọ.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846 ni. Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ wọn, wọ́n ń yí àwọn erékùṣù ìhà Jersey ká. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Victoria and Albert. Nígbà tí èèyàn bá lówó, kò sí ẹni tí yóò ní kó wá orúkọ míràn. Àkọ́bí ọmọkùnrin wọn, Albert Edward, tí wọ́n ń pè ní Bertie nínú ilé, kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí télọ̀ tó ń rán aṣọ fún àwọn atukọ̀ inú ọkọ̀ náà rán irú rẹ̀ gan-an fún un, ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ jáde síta, àwọn ọ̀gá àti àwọn atukọ̀ tó pé jọ hó yèè, ìyá rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé inú wọn dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ọmọ ọba ló jáde yìí, ìyá rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìyá náà sì ni oúnjẹ yín wà. Ẹ̀yin náà á hó.

Bó bá mọ níbẹ̀, à bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, Franz Xaver Winterhalter, ọ̀gá ayàwòrán ará Jámánì, ya ọmọ náà nínú aṣọ ọ̀hún, ó ki ọwọ́ bọ àpò bí ẹni tó ń retí owó oṣù. Gbogbo ìyá tó rí àwòrán náà wo ọmọ tirẹ̀. Ó parí nìyẹn. Aṣọ náà gan-an wà ní Greenwich, ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ọ̀rọ̀ òkun, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Aṣọ funfun ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti lé ní ọdún 170! Ti Ayọ̀ kò lo wákàtí mẹ́rin. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Lọ́dún 1846 tí Bertie ń yan kiri yẹn, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò tíì ní yúnífọ́ọ̀mù tí ìjọba là kalẹ̀. Àwọn ọ̀gá wọn ti ní tiwọn láti 1748. Àwọn mẹ̀kúnnù tó ń fa okùn, tó ń gun òpó nínú ìjì, dúró di 1857. Ọmọ ọba fi ọdún mọ́kànlá ṣíwájú àwọn tó ni iṣẹ́. Kò sì ṣe iṣẹ́ ọ̀hún o: Alfred, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n mú wọ Néfì lọ́dún 1858. Bertie kò bá a lọ, ọba ló jẹ lọ́dún 1901.

Ní ti Mẹ́talọ́kan ìyá Dùgbẹ̀, mi ò lè bá a jà, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni aṣọ náà ti pa ìtàn tó ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìlà mẹ́ta yẹn dúró fún ogun mẹ́ta tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi wọn, ṣẹ́: ti odò Nile lọ́dún 1798, ti Copenhagen lọ́dún 1801, ti Trafalgar lọ́dún 1805 níbi tó kú sí. Wọ́n ní aṣọ dúdú tí atukọ̀ so mọ́ ọrùn, ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni. Irọ́ ni méjèèjì. Àwọn atukọ̀ ti ń so aṣọ dúdú mọ́rùn kí Nelson tó kú, ẹwà lásán sì ni wọ́n fi ìlà mẹ́ta náà ṣe. Wọ́n tún ní kọ́là fẹ̀ lẹ́yìn kí ọ̀dà tí àwọn atukọ̀ fi ń pa irun dídì wọn má baà ba ẹ̀wù jẹ́. Ìgbà tí kọ́là fi máa dé, wọ́n ti gé irun náà kúrò ní tiwọn. Ká ṣá ti máa san owó.

Séélọ̀ kúrò ní ìlú Ọba, ó dé Jámánì, ibẹ̀ ló ti wá ya wèrè. Ọmọ ọmọ Victoria, Wilhelm, wọ̀ ọ́ ní kékeré, ó dàgbà, ó di Káísà lọ́dún 1888, ìfẹ́ ọkọ̀ ogun kò sì kúrò lára rẹ̀. Lọ́dún 1898 àti 1900 wọ́n ṣe òfin láti kan ọkọ̀ ogun rẹpẹtẹ, séélọ̀ bá di aṣọ ìmúròde ọmọ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé òun fẹ́ràn Káísà. Orúkọ Kiel, ìlú èbúté àwọn ọkọ̀ ogun, ni wọ́n fi ń pè é. Ní Stuttgart, tó jìnnà sí òkun bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí òtítọ́ àwọn olóṣèlú, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wilhelm Bleyle bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ hun tirẹ̀ láti 1889. Irun àgùntàn ló ń hun. Irun àgùntàn lára ọmọdé! Mo dúpẹ́ pé télọ̀ tiwa kò gbọ́.

Ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1918, ogun ti bàjẹ́ mọ́ Jámánì lọ́wọ́, wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ ogun tún jáde lọ jà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn atukọ̀, àwọn tó ni kọ́là gangan, ní àwọn kò kú ikú òfò. Ní Kiel gan-an ni ọ̀tẹ̀ ti gbiná. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Káísà ti sá lọ sí Họ́láǹdì. Ẹ ò rí i: ó wọ aṣọ wọn ní kékeré, wọ́n bọ́ tirẹ̀ lára rẹ̀ lágbà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1919, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Jámánì fúnra wọn ri àwọn ọkọ̀ ogun tí wọ́n kó sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Scapa Flow. Nínú 74, 52 ló lọ sísàlẹ̀ omi. Ọba lọ, ọkọ̀ rì. Ẹ lọ wo fótò àwọn ọmọ Jámánì ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà: séélọ̀ ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ má tíì lọ. Ọ́stríà ńkọ́? Lọ́dún 1918 kan náà ni Ọ́stríà pàdánù gbogbo etíkun rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Lọ́dún 1924, àlùfáà kan, Josef Schnitt, tún ẹgbẹ́ akọrin ọmọdékùnrin Vienna dá sílẹ̀, ó sì ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ fún wọn dípò ti ológun àtijọ́. Ẹ mọ èyí tó mú. Ọ̀rúndún kan ń lọ, séélọ̀ ni wọ́n ṣì ń wọ̀ kọrin káàkiri ayé, àwọn ọmọ ilẹ̀ tí òkun kò dé. Ìgbà tí mo ka ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ ará Ọ́stríà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo The Sound of Music, fíìmù ọdún 1965, ẹ rántí àwọn ọmọ méje tí bàbá wọn ń fi fèrè pè, tí wọ́n tò bí ọ̀pá? Séélọ̀ ni. Bàbá náà, Georg von Trapp, ẹni gidi ni. Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló ń darí nígbà tí ilẹ̀ wọn ṣì lómi. Nínú fíìmù náà, olùtọ́jú ọmọ tuntun dé, ó gé aṣọ fèrèsé, ó fi rán aṣọ míràn fún àwọn ọmọ, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré. Aṣọ fèrèsé o! Mo fi ibẹ̀ han ìyàwó mi. Ó ní orin ni òun ń gbọ́.

Jàpáànù nìkan ni mo fẹ́ fún ní máàkì díẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ ń fi aṣọ ìbílẹ̀ wọn lọ sílé-ìwé, eré ìdárayá sì nira nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1920 àti 1921, àwọn ilé-ìwé bíi mélòó kan ní Kyoto, Nagoya àti Fukuoka sọ ọ́ di séélọ̀. Ti Fukuoka, Elizabeth Lee, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà. Títí dòní wọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, bí ẹni pé ohun àmúyangàn ni. Àwọn ọmọ náà sá, wọ́n fò, ó bá wọn lára mu. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn, aṣọ bíi ti sójà ni wọ́n wọ̀ fún wọn, tó fún wọn lọ́rùn pinpin. Láti ibẹ̀ ló ti di ti obìnrin lójú ayé, pàápàá nígbà tí Sailor Moon dé orí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1992. Ìbùkún, ọmọbìnrin mi, ń wò ó. Nígbà tó rí aṣọ àbúrò rẹ̀, ó ní, "Dádì, aṣọ obìnrin lẹ rà fún un." Ayọ̀ sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sípéènì pẹ̀lú, séélọ̀ ni ọmọkùnrin ń wọ̀ lọ gba Kómúníọ̀nù àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan ni mo rí tó ní ohun tó ń fi séélọ̀ ṣe: Donald Duck, pẹ́pẹ́yẹ tí Walt Disney gbé jáde lọ́dún 1934. Ìyẹn mọ omi wẹ̀. Wọn kò sì fún un ní ṣòkòtò.

Àbúrò ìyàwó mi ní òun rí séélọ̀ nínú ìgbéyàwó ọmọ ọba ni òun ṣe fẹ́ ẹ. Òótọ́ ni: lọ́dún 1986, nígbà tí Prince Andrew ń gbéyàwó, William, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ séélọ̀ tẹ̀lé ìyàwó. Ọmọ ọdún mélòó? Mẹ́rin. Bertie, mẹ́rin. Ayọ̀, mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì lè sọ pé òun ò wọ̀ ọ́, ó sì ti lè dúró fún fótò. Àwọn ìyá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọjọ́ pé. A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀ gbé ìrọ̀rí òrùka, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Àwọn ìyá ní "Ẹ wò ó! Kápútéènì!" Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe òrùka ni ó yíjú sí mi, ó fi ojú bẹ̀ mí. Mo mọ ojú yẹn. "Dádì, mo fẹ́ tọ̀."

Mo gbé e gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Ṣòkòtò atukọ̀ àtijọ́ kò ní síìpù. Aṣọ fífẹ̀ kan ló máa ń bo iwájú rẹ̀, tí wọ́n á fi bọ́tìnnì há. Ti Amẹ́ríkà ní bọ́tìnnì 13, wọ́n á ní ìpínlẹ̀ 13 àkọ́kọ́ ló dúró fún, irọ́ nìyẹn náà: lọ́dún 1905 ni wọ́n fẹ iwájú ṣòkòtò sí i, bọ́tìnnì bá pọ̀ sí i. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú agbádá, mò ń bá bọ́tìnnì mẹ́fà jà. Èyí òkè kò mira. Mo bọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Ọmọ ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. Ìyàwó mi dé, gèlè rẹ̀ ń yẹ̀, ó ní, "Ẹ ò lè ṣí bọ́tìnnì!" Òun náà kúnlẹ̀. Ìka rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ èékánná mọ́ kò ràn wá lọ́wọ́.

Bàbá àgbà kan, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó, jáde wá gba atẹ́gùn. Ẹni tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ Néfì ni. Ó wò wá. Ó ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún wọ̀ ọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké. Ó fi àtàǹpàkò ti bọ́tìnnì kan. Ó dákẹ́. Ó wò ó dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ìránkìírán ni wọ́n rán an mọ́ ọn. Rọ́bà ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀!"

Ó ti bọ́. Omi dé kí rọ́bà tó dé. Ó gba ẹsẹ̀ méjèèjì ṣòkòtò funfun wálẹ̀ láìṣègbè, ó wọ inú bàtà, Ayọ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Wọ́n ń pe òrùka nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó mi tú ìpèlé rẹ̀, ó fi ró ọmọ nídìí, ó so ó ní kókó. Bó ṣe wọlé nìyẹn: kọ́là Kiel lókè, aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn nísàlẹ̀, CAPTAIN lórí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìbùkún nawọ́ sí i láti ìjókòó, ó pariwo, "Mọ́mì, Donald!"

Lálẹ́, mo bá ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé. Ó ti fọ ṣòkòtò náà, ó ti sá a, ó ń fi ọwọ́ na etí kọ́là kó má baà ká. Mo ní kí la tún fẹ́ fi ṣe, ọmọ kò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láyé.

Ó ní, "Àbúrò ẹ̀ á wọ̀ ọ́."

Mo ní, "Àbúrò ta ni?"

Kò dá mi lóhùn. Ó ń wá píìnì tí yóò fi há fìlà mọ́ okùn.